Ilé baba yín tó ń wó lọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo gbé dé. Kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti òkú àgbà, ti ohun tójú wa ti mọ́ débi pé a ò rí i mọ́ ni.

Lọ́dún 1968 tí J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa, kí ni wọ́n ń wò nínú irun dídì? Bó bá ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tú u. Ṣùgbọ́n baba náà ya ìpàkọ́ wọn ní dúdú àti funfun, kò jẹ́ kí nǹkan mìíràn gba ojú ẹni. Ó ya bí ẹgbẹ̀rún kan. Ṣùkú àti Onílé Gogoro tí onídìrí ń dì lábẹ́ igi di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ní Paris. Ojeikere kú lọ́dún 2014. Irun yẹn ti tú tipẹ́, fọ́tò rẹ̀ ò tú.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sí Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú lọ́dún 1938, ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà dé Wembley lọ́dún 1924, British Museum ló sì gbà á. Òpó kan wà ní Chicago. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọba, fọ́tò àtijọ́ ló máa wò.

Àbí ẹ ò rí i? Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Emùré, ilé alámọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dógùn-ún ṣì wà, ọlọ ìyá àgbà wà lẹ́yìnkùlé. Ọmọ tó ti Èkó dé á ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. N ò ní kẹ́ ẹ má kọ́lé o! Ṣùgbọ́n kí kátápílà tó dé, ẹ yọ fóònù yín. Ẹ lọ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá wálẹ̀, òjìji á jẹ́ kí ipa ọwọ́ ẹni tó mọ ògiri náà hàn. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Bí kì í bá ṣe ilé yín, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó kọ́lé náà àti ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á.

Lọ́la, ọmọ yín á béèrè ibi tí bàbá àgbà gbé. Kí lẹ máa fi hàn án?