Òògùn Ìsanra Kì í Ṣe Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin àti ẹ̀yin abiyamọ jù lọ. Lórí àtẹ òògùn nínú àwọn ọjà wa, òògùn kan wà tí àwọn ènìyàn ń rà kí wọ́n lè sanra. Ọmọge ń lò ó kí ìdí rẹ̀ lè tóbi kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó dé. Ìyá ń fún ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Cyproheptadine ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí Périactine. Èyí tí ó jẹ́ omi dídùn, tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà, ni Apetamin.

A kò ṣe òògùn yìí nítorí ìsanra. Ní ọdún 1961 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ara yíyún, imú tí ń ṣomi àti ara sísú tí ohun tí kò bá ara mu ń fà. Báwo ni ó ṣe wá ń mú ènìyàn jẹun? Nínú ọpọlọ wa, àwọn èròjà kan wà tí ń jíṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni sérotonine. Lára iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ ni pé a ti yó. Cyproheptadine a máa dí ọ̀nà mọ́ ọn. Iṣẹ́ kò dé, ẹni náà kò sì mọ̀ pé òun ti yó. Ó tún ń dí ọ̀nà mọ́ histamine tí ń mú kí ojú wa dá. Ìdí nìyí tí oorun fi ń kùn ẹni tí ó bá lò ó.

Oorun yìí ni ewu àkọ́kọ́. Awakọ̀ zémidjan tí ó gbé e mì lówùúrọ̀ lè sùn lọ lójú ọ̀nà Pobẹ̀ sí Sakété. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa tòògbé ní kíláàsì. Bí ọtí bá kún un, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu a máa gbẹ, ìgbẹ́ a ṣòro yà, ojú a máa ríran bàìbàì, ìtọ̀ a sì lè há. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ tuntun, ẹni tí ó ní àrùn ojú tí a ń pè ní glaucome, àti àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ ń ṣòro fún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Bí a bá sì dá a dúró, ìsanra náà sábà máa ń lọ.

Ti ọmọdé ló dùn wá jù. Ọmọ tí kò jẹun lè ní ibà, aràn tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀. Òògùn yìí kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Ọmọ á máa jẹun, ìyá á rò pé ara ti yá, àìsàn á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

A kò ní òògùn náà kò wúlò. Oníṣègùn a máa fi dẹ́kun túúlu lára ọmọdé, a sì máa lò ó nígbà tí òògùn mìíràn bá mú kí sérotonine pọ̀ jù nínú ara. Ṣùgbọ́n ó mọ ìwọ̀n tí ara aláìsàn lè gbà. Ẹni tí ń tajà lórí àtẹ kò mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn agbófinró ya wọ ọjà Adjégounlè ní Kútọnu, wọ́n sì kó òògùn rẹpẹtẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, bí a kò bá dẹ́kun rírà, títà kò ní dópin.

Ẹni tí ó bá ti ń lò ó, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sọ òótọ́. Bí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ dexaméthasone, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ara lè dákú. Ẹni tí ó fẹ́ sanra, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹyin àti ẹja wà lọ́jà. Wọn kì í yára, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.