Adébóyè Babalọlá, Olùkọ́ Tí A Kò Jókòó Níwájú Rẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ olùkọ́ tí ó fẹ́ràn jù, ẹni tí ó kọ́ ọ ní kíláàsì ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹni tí àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Ọdún 2008 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá jáde láyé. Ọmọdé kékeré ni gbogbo wa nígbà náà. Síbẹ̀, kò sí bí ènìyàn ṣe lè ka lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá fún sáà kan ṣoṣo kí ó má bá orúkọ rẹ̀ pàdé.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Orúkọ rẹ̀ kò wọ́n lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, iṣẹ́ tí ó ṣe ni ó wọ́n lọ́wọ́ wa. Bí a bá fẹ́ràn olùkọ́ lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí á máa bá lọ.

Ọ̀nà wa kò jìnnà sí ọ̀nà tirẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní Mende, bí a bá wọ dánfó Yábàá ní Maryland, títì Ìkòròdú ni ọkọ̀ máa ń gbà. Kí a tó dé Yábàá, a ó ti kọjá lẹ́bàá Igbobi College, ilé-ìwé tí ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932. Ibẹ̀ ni ọmọ Ìpetumodù yìí, tí wọ́n bí ní 1926, ti kàwé. Ibẹ̀ náà ni ó sì padà sí láti ṣe olùkọ́. Ó kàwé ní Achimota ní ilẹ̀ Gánà, ó lọ sí Queens' College ní Cambridge, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́yìn gbogbo ìwé wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ ta ni ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn oníjàálá, àwọn ọmọ Ògún. Ó gba ìjálá wọn sílẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ní Yorùbá, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó díjú níbẹ̀. Iṣẹ́ náà ni ó di *The Content and Form of Yoruba Ijala*, tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford tẹ̀ jáde ní 1966. Ní 1967, *Àwọn Oríkì Orílẹ̀* tẹ̀lé e. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó. Ó kó àlọ́ ìjàpá jọ. Ní 2003, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, òun àti Ọlúgbóyèga Àlàbá tún jọ gbé ìwé atúmọ̀ orúkọ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá jáde.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní tí a rí kọ́ lára rẹ̀ nìyẹn: ìwé kíkà kò sọ ọ́ di ẹni tí kò lè jókòó síwájú ọdẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ti Cambridge dé ni yóò gbà pé ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè jẹ́ ọ̀gá òun. Babalọlá gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà, ohun tí à ń pè ní ẹ̀kọ́ ìjálá ní kíláàsì lónìí ì bá má tó nǹkan.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ohun tí ó sọ nípa agbo ìjálá fúnra rẹ̀. Bí oníjàálá kan bá ń sun ìjálá tí ó sì ṣi oríkì ẹnì kan pè, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè dá a dúró lójú gbogbo ènìyàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá dúró náà kì í sì í ṣe odi, ó lè fi ìjálá fèsì padà. A rí i níbẹ̀ pé àwọn baba wa tí kò mọ̀wé ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n ń tọ́ ara wọn sọ́nà, wọn kò sì fi àyè gba irọ́. Àwa tí à ń gba oyè lórí iṣẹ́ wọn, ṣé a ń ṣe tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo àwọn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó wà lórí àtẹ káàkiri. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé inú ìwé àwọn àgbà ni wọ́n ti ṣa àpẹẹrẹ. Oríkì tí ẹnì kan ké ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni wọ́n tún fà yọ, tí wọ́n sì wá àkọlé tuntun fún. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò gbọ́ ohùn ẹni tí ó ké e rí. Bẹ́ẹ̀ ohùn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Oríkì orílẹ̀ tí oníjàálá ń sọ, onírárà náà lè sọ ọ́, ẹléṣà náà lè sọ ọ́. Ohùn tí a fi gbé e jáde ni ó ń fi hàn pé ìjálá ni, rárà ni, tàbí ẹ̀sà ni. Ta ni ó lè fojú ka ohùn nínú ìwé?

Ẹnì kan lè ní Èkó ni a wà, pé a kì í rí ọdẹ ní Mende. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ládùúgbò wa, ẹ lè bá ará Ọ̀fà, ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì. Ìyá àgbà wà níbẹ̀ tí ó ń fi oríkì jí ọmọ-ọmọ rẹ̀ láràárọ̀, tí ọmọ náà sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ọjọ́ tí ìyá náà bá lọ, ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Àní odò tí ó wà nítòsí wa, Odò Ìyá Aláró ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa obìnrin aláró. Bí a bá bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ìyá náà, ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ṣebí Babalọlá ti kọ oríkì orílẹ̀ sílẹ̀, kí ni a tún ń wá? Oríkì kì í ṣe odindi kan tí ènìyàn lè kó tán. Bí agboolé ṣe ń yà ni oríkì ń yà. Ẹni tí ó bá sì ń ké e máa ń fi ti ìgbà tirẹ̀ kún un. Ohun tí Babalọlá kọ ni ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó bá pàdé. Ohun tí ìyá tí ó wà nílé kejì mọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń bẹ. Ìgbà kan wà tí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ ní láti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání. Lónìí, fóònù tí a fi ń wo fídíò lóru tó iṣẹ́ yẹn ṣe. Ohun tí ó kù ni ìwà. Kí á gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà kí á tó tẹ bọ́tìnì. Kí á kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbọ́ ọ sílẹ̀, bí ó bá fọwọ́ sí i. Kí á má lọ lọ́wọ́ òfìfo, nítorí iṣẹ́ ni ó ń ṣe fún wa. Kí á sì padà lọ kà á sí i létí, kí ó lè dá wa dúró níbi tí a bá ti ṣì í kọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbo ìjálá.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣe tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Láti 2018 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Kí ni ẹ ó fi kọ́ wọn? Ọmọ tí ẹ bá ní kí ó lọ béèrè oríkì ìdílé rẹ̀ wá láti ilé yóò gbádùn kíláàsì ju ẹni tí ó ń há ti ẹlòmíràn sórí lọ.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wúwo. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa tó kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, kí ó ti gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àgbà kan, ó kéré tán. Kí a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ojú kan, níbi tí fóònù ẹnì kan tí ó bá sọnù kò ti ní kó o lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀, àwa ní ẹ̀rọ àti kálàmù. Ẹ jẹ́ kí á tètè lọ bá wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé.