Ilé La Ti Ń Gbé Oúnjẹ Rọdún

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ọpọ́n. Ọ̀rọ̀ inú ìkòkò ni. Àmọ́ ó kan ẹ̀sìn wa, ẹ ò sì ní pẹ́ rí ibi tó ti kàn án.

Ọdún Ifá lókè Ìtasẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, máa ń bọ́ sí oṣù Okúdù. Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo máa ń bọ́ sí oṣù Ògún. Láyé àwọn bàbá wa, ilé ará la máa ń wọ̀ sí. Ẹni tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn á sùn nílé awo ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn ìyàwó ilé á ro ọkà, gbogbo ènìyàn á jẹ. Nísinsìnyí èrò ti pọ̀. Láti ọdún 2005 tí àjọ UNESCO ti kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ará Brazil ń wá, ará Amẹ́ríkà ń wá, ọmọ Èkó náà ń wá. Ilé ará ò gbà wá mọ́. Òtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń sùn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ilé á ro owó ọkọ̀, á ro owó yàrá, á ro owó ẹbọ. Kò ní ro owó oúnjẹ. Ṣebí ilé ló ti máa ń jẹun, ìyàwó ẹ̀ ló mọ bí oúnjẹ ṣe ń dé orí tábìlì. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa bá mi sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ó ní, "Bàbá, lọ́dún tó ń bọ̀, èmi nìkan ni màá wá o. Owó tí àwọn ọmọ fi jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì ju owó yàrá lọ." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Ọmọ tí a bá fi sílé lọ́dún yìí, tí a tún fi sílé lọ́dún tó ń bọ̀, fọ́tò ọdún ni yóò máa wò nínú fóònù bàbá ẹ̀. Kò ní mọ ọ̀nà Òkè Ìtasẹ̀. Kò ní mọ bí igbó Ọ̀ṣun ṣe ń tutù síni lára. Bó bá di ọmọ ogún ọdún, a ó máa bínú pé kò ṣe ẹ̀sìn. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ nìyẹn. Kì í ṣe ahun ni mo fẹ́ kọ́ yín. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ráyè wá ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Iye tí mo fẹ́ dá yìí, àpẹẹrẹ ni. Kí oníkálukú fi iye tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ tiẹ̀ rọ́pò. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, ènìyàn 5 nìyẹn. Ká ní àwo oúnjẹ kan jẹ́ 4,000 náírà ní òtẹ́ẹ̀lì, ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan di 20,000. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, 60,000. Ọjọ́ méjì, 120,000. Omi ò tíì sí níbẹ̀ o, ẹlẹ́rìndòdò ò tíì sí níbẹ̀. Ìjọba náà á gba owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT, náírà 7.5 lórí 100 náírà. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì mìíràn á tún fi owó àwọn tó gbé oúnjẹ wá lé e.

Ẹ wá wo ọ̀nà kejì. Ká ní oúnjẹ tí ẹ gbé láti ilé gbà yín ní 20,000, ẹ wá ń ra oúnjẹ gbígbóná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ níta, 1,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. 7,500 lójúmọ́ nìyẹn, 15,000 fún ọjọ́ méjì. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 35,000. 85,000 ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ yín. Owó ọkọ̀ àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀. Owó obì àti ẹyẹlé wà nínú ẹ̀.

Kí ẹ tó san owó yàrá, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Èkíní, ṣé oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó yàrá, ènìyàn mélòó ló sì wà fún? Èkejì, ṣé wọ́n gbà kéèyàn gbé oúnjẹ wọlé? Ẹ̀kẹta, ṣé fìríìjì àti kẹ́tùlù wà nínú yàrá? Ẹ̀kẹrin, wákàtí wo ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, wákàtí wo ni wọ́n ń pa á? Fìríìjì tí kò rí iná láti òru dé àárọ̀, àpótí lásán ni. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gba oúnjẹ ìta, ẹ má yọ́ ọ wọlé. Ẹ wá ibòmíràn. Ọmọ awo kì í fi irọ́ wọ ilé onílé.

Bí oúnjẹ àárọ̀ bá wà fún ènìyàn méjì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mu gaàrí. Bí ẹ bá sì bá mílíìkì, ọtí tàbí bisikíìtì nínú fìríìjì yàrá, ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Títà ni wọ́n sábà máa ń tà á, iye tí wọ́n sì ń tà á kì í ṣe iye ọjà.

Ó yá, kí la ó dì? Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́: gaàrí, ẹ̀pà yíyan, kúlíkúlí, àádùn, ìpékeré, ẹja gbígbẹ, búrẹ́dì, ṣúgà, tíì, mílíìkì oníyẹ̀fun. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ á kọjá ní Ìkirè. Dòdò Ìkirè tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n kọjá ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ata, epo pupa ni wọ́n sì fi dín in. Ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́.

Èkejì ni oúnjẹ ọjọ́ àkọ́kọ́: mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, ẹyin sísè, ìrẹsì inú kúlà. Ìwọ̀nyí ò gbọdọ̀ pẹ́. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ sè láàárọ̀, ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ inú ewé lè dọjọ́ kejì. Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bí kúlà bá ṣì ń mú un gbóná jooro, ẹ jẹ ẹ́. Bó bá ti di lọ́wọ́ọ́rọ́, kó má kọjá wákàtí méjì. Oró tó máa ń wà nínú ìrẹsì tó ti pẹ́ nínú ooru kì í kú bí a bá tún un gbé kaná. Owó tí ẹ rò pé ẹ tọ́jú, ilé ìwòsàn ni yóò gbà á.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ ó rà níbẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ, àgbàdo sísè, ẹ̀pà sísè. Oṣù Ògún, àgbàdo wà lójú títì. Ẹni tó bá gbé oyin dání nítorí Ọ̀ṣun, kó rántí pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin. Oyin máa ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá.

Ẹ mú abọ́, ṣíbí, ọ̀bẹ kan, ife, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, àti ọ̀rá tí ẹ ó kó ìdọ̀tí sí. Ìyá tí kò mú ṣíbí dání, òtẹ́ẹ̀lì náà ni yóò padà lọ bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi. Àpò omi inú ọ̀rá kan, tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá 20 ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 50cl. Lítà 10 nìyẹn. Ẹni 5, lítà méjìméjì, àpò kan tó wọn lójúmọ́. Ẹ fi owó àpò kan wé owó omi onígò tí òtẹ́ẹ̀lì ń tà, ẹ ó rí ohun tí mo ń wí. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀, ẹ má sì ra èyí tí wọ́n kó sójú oòrùn. Omi ẹ̀rọ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ fi wẹ̀, ẹ má fún ọmọ mu.

Kẹ́tùlù òtẹ́ẹ̀lì, omi nìkan ni kí ẹ fi sè. Ẹ má se ẹyin nínú ẹ̀, ẹ má da Indomie sínú ẹ̀. Ẹlòmíràn á wọ yàrá yẹn lẹ́yìn yín, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ẹ sè níbẹ̀ ni èèwọ̀ ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ Indomie, ẹ dà á sínú abọ́, ẹ da omi híhó lé e, ẹ dé e. Ẹ má dán an wò láti gbé sítóòfù tàbí iná eléèédú wọ inú yàrá. Yàtọ̀ sí pé ilé lè jó, èéfín eléèédú ní oró kan tí kò ní òórùn. Nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ó lè pa gbogbo ìdílé lójú oorun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó jẹ́ tiwa gan-an. Gbogbo ẹni tó ti tẹfá ló ní èèwọ̀ tí Ifá kà fún un. Yàtọ̀ sí èyí, òòṣà kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Ẹni tó ń bọ Èṣù kì í fọwọ́ kan àdín. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọbẹ̀ tó ti òtẹ́ẹ̀lì jáde, ta ló mọ epo tí wọ́n fi sè é? Ta ló mọ ẹran tó ti kọ́kọ́ wà nínú ìkòkò náà? Ẹni tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ gan-an ò mọ̀. Ẹni tó gbé oúnjẹ láti ilé mọ ohun tó wà níbẹ̀. Owó dúró, èèwọ̀ ò bàjẹ́. Bí ẹ bá máa ra oúnjẹ níta, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń se é lójú yín, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó ní kó bù ú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ láti máa béèrè fúnra wọn.

Oúnjẹ òòṣà àti oúnjẹ ènìyàn, àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Obì, orógbó, epo àti ọtí ìrúbọ, ẹ rà wọ́n lọ́jà ìlú yín kí ẹ tó gbéra. Ẹ wé epo dáadáa, kó má dà sórí ibùsùn onílé.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Mo ti rí ibi tí ìyá ti ń pín gaàrí fún ọmọ nínú yàrá, tí bàbá jókòó nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, tí ìgò bíà ń pọ̀ sí i lórí tábìlì. Ohun tí ìyá tọ́jú láti àárọ̀, ìgò díẹ̀ ló gbé e lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má mu. Ẹ pinnu iye ìgò nílé, ẹ fi owó ẹ̀ sọ́tọ̀. Bí owó yẹn bá tán, ó tán.

Ẹ má sì torí pé ẹ gbé oúnjẹ dání kí ẹ wá kọ̀ láti ra nǹkan kan nílùú onílùú. Àwọn ìyá tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà igbó, ọdún yìí ni wọ́n ń retí. Oúnjẹ gbígbóná ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tí mo wí, ọwọ́ wọn ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má ná an títí tí ojú wọn á fi pọ́n.

Lọ́jọ́ tí Arugbá bá ń gbé igbá láti ààfin lọ sí igbó, èrò á pọ̀, ìdúró á pẹ́. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan fi omi méjì mẹ́ta, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìpékeré sínú àpò tó máa gbé kọ́ èjìká. Ọmọ tí ebi ń pa kò ní wo Arugbá, ọwọ́ ẹni tó ń jẹun ni yóò máa wò. Ọmọ tó yó á bi yín pé, "Bàbá, kí ló wà nínú igbá yẹn?" Ìbéèrè yẹn ni a tìtorí ẹ̀ mú un wá.

Bí ẹ bá ń kúrò ní yàrá, ẹ kó ewé, ẹ kó ọ̀rá, ẹ nu ilẹ̀. Ewé mọ́ínmọ́ín ò gbọdọ̀ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yóò dí i. Orúkọ wa la ń fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá tọ́jú yàrá dáadáa, ẹnu ò ní kò wọ́n láti gba ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀, mo mọ̀ pé o ń ka ìwé yìí. Oṣù tó kù kó tó di ọdún ti tó láti máa kó gaàrí àti ẹja pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Mú àwọn ọmọ wá. Ifá á mú wa rìn re, á mú wa bọ̀ re. A ò ní fẹsẹ̀ kọ lọ́nà. Owó tí a fi sàn ọdún ò ní di gbèsè fún wa. Àṣẹ.