Àgékù aṣọ kì í ṣe pàǹtí

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ wo ìdí ẹ̀rọ àwọn aránṣọ ní Misẹ̀bo, ní Kutọnu, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Àgékù àǹkárá kún ilẹ̀. A ó gbá a, a ó dà á nù. Lẹ́yìn náà, a ó lọ fowó ra yẹtí tí ó tòkèèrè wá!

Wọ́n ní iṣẹ́ aláìní ni kí èèyàn fi àgékù ṣe yẹtí. Èmi ò gbà. Ta ni aláìní: ẹni tí ó ṣe tirẹ̀ nílé, tàbí ẹni tí ó fi owó ọbẹ̀ ra ti òkèèrè?

Ẹ gé páálí róbótó méjì tí ó dọ́gba. (Bọ́tìnnì ńlá ara aṣọ àlòkù tún dára jù, torí páálí kì í fẹ́ omi.) Ẹ fi aṣọ bò wọ́n, ẹ rán ẹ̀yìn wọn pa, ẹ fi òwú so wọ́n mọ́ ìkọ́. Ó parí.

Ìkọ́ yẹn nìkan ni kí ẹ má fi wáyà tí ẹ ṣà nílẹ̀ ṣe. Wáyà tó dógùn-ún máa ń ba etí jẹ́. Irin kan sì wà tí wọ́n ń pè ní níkẹ́ẹ̀lì, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ yẹtí olówó pọ́ọ́kú. Ó lè mú kí etí máa yún, kí ó máa ṣomi. Ní ọdún 1994, àwọn ìjọba Yúróòpù ṣòfin láti dín in kù nínú ohun tí ń kan ara. Ẹ tú ìkọ́ yẹtí yín àtijọ́ tí kò yún yín rí, kí ẹ lò ó.

Bí oníbàárà bá ní àgékù lásán ni, ẹ bi í léèrè iye tí ó ra àǹkárá tí ó wọ̀. Ara aṣọ kan náà ni.