Tíkẹ́ẹ̀tì Nìkan Kò Tó: Ẹ Yan Àga Ọmọ Kí Ẹ Tó Sanwó

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Dublin, àwa ọmọ la máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá á ní, "Bá mi wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó jẹ́ ní Disẹ́ńbà," fóònù á sì jáde. Èyí tó bá dínwó jù ni gbogbo èèyàn ń wá. Nígbà tí àwòrán àga bá yọjú, tí wọ́n ní ká fi owó díẹ̀ kún un, ọ̀pọ̀ ló ń fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 3 bá wà nínú ìrìn àjò náà, ojú ewé yẹn gan-an ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò.

Kò sí bàálù tó ń gbéra ní Dublin lọ sí Èkó tààrà. London, Amsterdam, Paris, Frankfurt tàbí Istanbul lèèyàn ti máa ń wọ òmíràn. Bàálù méjì nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì máa yan àga. Bí iléeṣẹ́ kan bá ta tíkẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ mìíràn ló ni bàálù kejì, ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ni bàálù lẹ ti máa yan àga tibẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé.

Òfin kò dọ́gba níbi gbogbo. Ryanair, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dublin níbí, sọ ọ́ di dandan pé kí àgbàlagbà kan tó ń bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 rìn sanwó àga tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà, títí dé 4, á wá gba tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́ nítòsí rẹ̀. Ní Britain, CAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, ní ó yẹ kí ọmọdé àti àgbàlagbà tó mú un dání wà lórí ìlà àga kan náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má fi ju ìlà kan lọ jìnnà síra. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjọba dábàá òfin tí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ òbí kó tó lè jókòó ti ọmọ ọdún 13 sí ìsàlẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn sá jáde, òbí tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn á kọjú sí èrò láti wá a, ọ̀nà á sì dí. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, ọdún 2024, iná sọ lára bàálù Japan Airlines kan ní pápákọ̀ òfurufú Haneda ní Tokyo, lẹ́yìn tí òun àti bàálù mìíràn forí gbárí. Gbogbo èèyàn 379 tó wà nínú ti Japan Airlines náà ló jáde láàyè, ọmọdé 8 sì wà lára wọn. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kò fàyè sílẹ̀ fún wíwá ọmọ kiri.

Báwo lẹ ṣe máa yan àga, nígbà náà? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó sórí ẹsẹ̀ òbí. Nínú bàálù ńlá, àwọn àga iwájú kan wà tí wọ́n ti lè gbé ibùsùn ọmọ kọ́ ara ògiri. Wọn kò pọ̀, nítorí náà ẹ tètè pe iléeṣẹ́ náà, kí ẹ sì béèrè ìwọ̀n tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ jù. Ẹ rántí pé níbẹ̀, apá àga kì í sábà ṣeé gbé sókè, ẹ kò sì ní lè gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín nígbà tí bàálù bá ń gbéra. Bó bá jẹ́ ìbejì, wọ́n lè má gbà kí ẹ gbé àwọn méjèèjì sórí ẹsẹ̀ ní ìlà kan náà, torí pé ìbòmú atẹ́gùn tó wà lókè ìlà kọ̀ọ̀kan níye. Ìlà ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Ọmọ tó ti ń dá jókòó, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí àárín. Etí ọ̀nà ni kẹ̀kẹ́ oúnjẹ àti tíì gbígbóná ń gbà kọjá.

Àwọn kan á ní, "Ẹ ṣáà bẹ èèyàn, wọ́n á dìde fún yín." Lóòótọ́, ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó, àwọn tó sì ń dìde ṣeun. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún lè ti sanwó àga rẹ̀, ẹsẹ̀ sì lè máa dùn ún. Bó bá kọ̀, kò yẹ ká pè é ní ọ̀dájú. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ìyá tó gbọ́mọ dání máa bẹ̀bẹ̀ kiri inú ọkọ̀. Lójú tiwa, iléeṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọdún 3 mọ̀ pé kò lè dá wà. Jíjókòó ti òbí rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ti tà. Kò yẹ kí wọ́n tún un tà. Ó yẹ kí òfin Yúróòpù sọ bẹ́ẹ̀ kedere fún gbogbo iléeṣẹ́.

Títí dìgbà náà, ọwọ́ àwa tí à ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ló wà. Bí ẹ bá ń fi iye owó wéra, ẹ fi owó àga kún un kí ẹ tó pinnu èyí tó dínwó. Kí ẹ sì tó sanwó, ẹ pe Màmá, Dádì tàbí Àǹtí, ẹ fi àwòrán àga hàn wọ́n, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó máa jókòó ti ọmọ.