LeoCAD ló yẹ kí oníléèwé kọ̀ǹpútà Mọ́níyà kọ́kọ́ mú

Àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní kọ̀ǹpútà gbowó ní Mọ́níyà àti Ẹgbẹ́dá, tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ máa to bíríkì ìṣeré LEGO lójú ẹ̀rọ, kò yẹ kí wọ́n sáré mú Studio. Òótọ́ ni pé ó ń ka bíríkì, ó sì ń ṣe ìwé ìlànà. Ṣùgbọ́n ó wúwo, láti 2019 sì ni LEGO ti ra BrickLink tó ni ín. LEGO yìí kan náà ló pa Digital Designer tirẹ̀ tì lọ́dún 2022.

Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àmọ́ LeoCAD fúyẹ́, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fẹ́ lò ó (owó dátà ti ń jẹ èrè tó). Àkójọ LDraw tí James Jessiman, ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995 ló ń lò. Ọkùnrin náà kú lọ́dún 1997, iṣẹ́ rẹ̀ ò kú. Studio gan-an ń ṣí fáìlì LDraw.