Ejò Tó Wà Nínú Ẹ̀gún

Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Bí a bá ti pa òwe yìí tán, ojú ẹni tó ń sáré la sábà máa ń wò. A ó ní, "Ara lágbájá ò balẹ̀ mọ́, ó ti ń ronú jù." Òwe kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé eré ní ìdí, ká lọ wo inú ẹ̀gún. Bí ọ̀rọ̀ másùnmáwo ṣe rí nínú ara wa nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ká ní ejò gidi ló yọ sí yín lójú ọ̀nà oko. Kí ẹ tó mọ̀ pé ejò ni, ọpọlọ ti ránṣẹ́. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ó dé e bíi fìlà. Òun ló ń da họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkìkì, èémí á yá, ọmọlójú á fẹ̀, itọ́ á gbẹ lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn sílẹ̀, á gba itan lọ, nítorí ta ló ń ráyè da ẹ̀bà níwájú ejò? Walter Cannon ti Yunifásítì Harvard kọ ọ́ sínú ìwé ní 1915 pé ìjà tàbí eré ni ara ń múra sí.

Cortisol ló ń tẹ̀ lé e, láti inú ẹṣẹ́ kan náà. Òun kì í kánjú. Ó ń gbà á tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, kí agbára má bàa tán lójú eré. Bí ejò bá ti wọgbó lọ, cortisol kan náà ló máa padà sọ fún ọpọlọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀tá o. Láàárọ̀ kùtù ló máa ń pọ̀ jù lára wa, lóru ló máa ń lọ sílẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá sì ṣe é rárá, oògùn ló máa fi gbé ẹ̀mí ró.

Ejò tó kọ̀ tí kò wọgbó lọ ni wàhálà. Ẹ wo ìyá ọlọ́mọ kan tó ń ti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ ní Áílándì. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ti wà ní gáréèjì. Owó ọkọ̀ tó fò sókè látìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023 wà lọ́kàn rẹ̀. Ọkọ̀ dúró lórí afárá Third Mainland, kò lọ, kò bọ̀. Fóònù dún: lánlọ́ọ̀dù ni. Ọwọ́ rẹ̀ fún báàgì pinpin, ṣúgà ti tú sínú ẹ̀jẹ̀ fún eré tí ẹsẹ̀ kò ní sá, torí orí ìjókòó dánfó ló wà. Ọ̀gá rẹ̀ tún fi WhatsApp ránṣẹ́. Ó délé lálẹ́, oorun ò wá.

Hans Selye, tó ń ṣèwádìí ní Montreal ní Kánádà, kọ lẹ́tà kan sí ìwé ìròyìn Nature ní 1936 lórí àwọn eku tó ń yẹ̀ wò. Ì báà jẹ́ òtútù ló fi dà wọ́n láàmú, ì báà jẹ́ ọgbẹ́, ì báà jẹ́ oògùn olóró, ohun kan náà ló ń bá nínú wọn: ẹṣẹ́ orí kíndìnrín wú, ikùn dégbò. Ara kì í béèrè orúkọ ejò. Bí eré bá sì di ti ojoojúmọ́, ìfúnpá lè ga, ṣúgà lè pọ̀ lẹ́jẹ̀, ọ̀rá lè jókòó sí ikùn, nǹkan oṣù obìnrin lè máa ṣe ségesège. (Ìdí nìyí tí ẹ̀rù àwọn tó ń ra oògùn dexamethasone ní kẹ́míìsì torí kí wọ́n lè sanra fi ń bà mí. Ẹbí cortisol ni. Ẹni tó bá lò ó pẹ́ ń kọ́ ẹṣẹ́ tirẹ̀ lọ́lẹ ni.)

Apá kan wà nínú òwe náà tí a kì í fẹ́ gbọ́: bí kò bá lé ejò. Àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé àwa gan-an là ń lé e. Aṣọ ẹbí ní gbogbo Sátidé, ọkọ̀ kejì tí a yáwó rà torí ojú aládùúgbò. Adrenaline kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń lé àti ẹni tí wọ́n ń lé. Irú ejò yìí, bí ẹni tó ń lé e bá dúró, òun náà á bá tirẹ̀ lọ.

Ti ìyá Ìkòròdú yàtọ̀. "Má ronú mọ́" tí gbogbo wa ń sọ fún un kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kó mú igi: kí ọkọ bá a gbé owó iléèwé, kí ọ̀gá yéé fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lóru, kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró de orí fífọ́, nítorí ìfúnpá gíga kì í sábà fi àmì hàn. Bí ẹ̀rọ bá kọ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má lọ máa lo oògùn ọ̀rẹ́ yín.